Bẹ́ńṣì Àwọn Onídùúró

"Ẹ wò mí dáadáa o!" Ìdògbé ti gun orí àpótí bátìrì, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń retí àtẹ́wọ́. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi Gbòǹgbò lé mi lọ́wọ́, mi ò tíì pa ẹnikẹ́ni! Mi ò pa èèyàn, mi ò pa adìẹ!"

"Adìẹ wo?" Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn láti ìkángun bẹ́ńṣì. "Ta ló ti fojú rí adìẹ ní ìlú yìí? Kúkú sọ pé o ò tíì pa erin, ká lè gbóríyìn fún ẹ."

Bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àwọn onídùúró yàtọ̀ sí ẹ̀rín àwa yòókù. Ẹnu wọn á là, èjìká wọn á máa mì, ṣùgbọ́n àgbékọ́, ẹ̀rọ tó wà láyà wọn tí wọ́n fi ń mí, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àwàdà. Ó kàn ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń tú u jáde, ó ń fà, ó ń tú, bíi baálẹ̀ tó jókòó síbi eré tí eré náà kò sì dùn mọ́ ọn.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni Ìdògbé wí. "Bàbá, ẹ sọ òtítọ́ níwájú gbogbo ayé. Aago Gbòǹgbò tí mo tún ṣe láàárọ̀ yìí, àyà ta ló kọ́kọ́ wọ̀?"

"Àyà tèmi náà ni. Ohun tí wọ́n ṣe gbé mi jókòó síbí nìyẹn. Bí o bá ṣàṣìṣe, èmi ni màá kọ́kọ́ mọ̀, èmi náà sì ni mi ò ní lè sọ."

"Ǹjẹ́ ẹ kú?"

Bàbá fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí méjèèjì, ó ronú díẹ̀. "Ó jọ pé mi ò kú. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, mi ò mọ̀ bóyá ebi máa ń pa àwọn òkú."

Ẹ̀rín tún bú. Ìyá Démóyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nítorí pé ó ń sùn. Ẹ̀gbọ́n màmá Ọ̀gá Morẹ́nikẹ́ ni, òun ló sì jókòó ti Bàbá Ìdògbé. Láti àyà tirẹ̀, láti àyà gbogbo wọn, wáyà kọ̀ọ̀kan wọ inú ògiri Àká lọ, níbi tí Gbòǹgbò wà, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí gbogbo ẹ̀rọ ìlú ń tẹ̀ lé. Ní Abẹ́-Odi, ẹni tí kò bá ní ẹbí lórí bẹ́ńṣì yẹn, kò gbọdọ̀ fi ìka kan lẹ́tà kan nínú Gbòǹgbò.

Ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀gá Morẹ́nikẹ́ wọlé, ìbòmú rẹ̀ kún fún iyọ̀ òkun. Òun ni olórí Àká. Kì í yára rìn, kì í sì í pariwo, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí méjèèjì.

"Gbòǹgbò kan!" ó kí wọn.

"Èémí kan!" ni bẹ́ńṣì dáhùn.

"Ìdògbé, sọ̀ kalẹ̀ lórí bátìrì yẹn. Ṣé ó wọ̀?"

"Ó wọ̀ wẹ́rẹ́, Ọ̀gá. Mo ti so ó mọ́ Gbòǹgbò. Ilé Ìlẹ̀kùn Omi ti gbà á, Ilé Àgbékọ́ ti gbà á, àwọn oníná náà ti gbà á. Tí òkun bá kún lọ́sàn-án òní, àwọn ìlẹ̀kùn á ti tì kí omi tó dé. Kò tún ní sí ọ̀rọ̀ pé omi wọlé tán kí ìlẹ̀kùn tó rántí."

"Aago náà ti ń falẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Kò sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kàn án."

"Èmi ni mo láyà!" Ìdògbé lu igbá-àyà ara rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tí Ọlọ́run fún un ló ṣì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dún bẹ́ẹ̀.

Kó tó gbọ́wọ́ kúrò láyà ni Olùṣọ́ sọ̀rọ̀. Olùṣọ́ kì í ṣe èèyàn. Ohùn kan ni, inú férémù ilẹ̀kùn ló ń gbé, òun ló ń ṣọ́ òfin. Ẹni tó kọ́ ọ ti kọ́ ọ ní ìwà pẹ̀lẹ́ débi pé ó ń bani lẹ́rù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ forí jì mí pé mo dí yín lọ́wọ́. Obìnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọlanke. Kò gba àṣẹ kó tó wá. Ó ní ọkọ òun kò lè mí. Ṣé kí n ní kó padà wá lọ́la?"

"Ṣílẹ̀kùn!" ni Morẹ́nikẹ́ wí.

Obìnrin náà ti ọmọlanke wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún iyọ̀ títí dé orúnkún. Ọkùnrin kan wà nínú ọmọlanke náà, ó ká jọ bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ fọ̀. Àgbékọ́ tó wà láyà rẹ̀ kò jọ ti àwọn orí bẹ́ńṣì rárá. Tiwọn ń dán, ó pẹlẹbẹ, ó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ti ọkùnrin yìí tóbi tó agolo mílíìkì ńlá, wọ́n ti fi rọ́bà táàyà lẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, wọ́n ti fi okùn dè é lọ́hùn-ún. Ó sì ń dún bí ẹni tí òsúkè mú: fà, fà, tú, fà, tú, tú.

"Sikírátù ni mò ń jẹ́," ni obìnrin náà wí. "Múfú nìyí. Láti Ìsàlẹ̀-Odi la ti wá. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dákun, láàárọ̀ yìí ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀."

"Má mikàn, ìyá wa," ni Ìdògbé wí, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ibi tí wọ́n ti ń wo nǹkan sàn lo wá yìí. Kí o tó nu ojú rẹ tán, màá ti ní kó máa kọrin."

Ó ki wáyà bọ àgbékọ́ Múfú, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó wò ó. Ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ni ẹnu Ìdògbé, ẹnu tí kò tíì sinmi láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, wá pa dé pátápátá.

"Kí lo rí?" Morẹ́nikẹ́ bi í.

"Ọ̀gá." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àwọn tó ṣe irú èyí mọ̀ pé aago Gbòǹgbò ń falẹ̀. Wọ́n mọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa gbà kí wọ́n tún Gbòǹgbò ṣe, ni wọ́n bá mú kí tiwọn máa sáré, kí ó lè bá a dọ́gba."

"Ìwọ sì ti tún aago ṣe."

"Mo ti tún un ṣe. Tiwọn ṣì ń sáré. Kó tó fa afẹ́fẹ́ wọlé tán ló ti ń tú u jáde."

"Ṣùgbọ́n bẹ́ńṣì mí," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Ojú mi ni wọ́n ṣe mí."

"Bẹ́ńṣì mí, Ọ̀gá."

Àwọn méjèèjì yíjú sí bẹ́ńṣì. Wọ́n wò ó láti ìkángun kan dé èkejì: àgbékọ́ tó ń dán, àgbékọ́ tó ń dán, àgbékọ́ tó ń dán. Kò sí ògbólógbòó kan láàárín wọn.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ni Bàbá bi wọ́n. "Ṣé nǹkan wà lẹ́nu mi ni?"

Owó oṣù tí Ìdògbé kọ́kọ́ gbà ló fi ra tuntun fún bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Morẹ́nikẹ́ ṣe fún Ìyá Démóyè, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo olùtọ́jú Gbòǹgbò ṣe. Ọmọ wo ló máa gbé bàbá rẹ̀ síbi tí ewu ti ń kọ́kọ́ wọlé, tí kò ní wá ẹ̀rọ tó dára jù lọ fún un? Àwọn àgbà ìlú ti rò pé bí a bá fi ẹbí ẹni dá ẹni lẹ́rù, èèyàn á ṣọ́ra. Òótọ́ ni, wọ́n ṣọ́ra. Wọ́n ṣọ́ ẹbí wọn.

"Àwọn mélòó ló ṣì ń lo irú èyí ní Ìsàlẹ̀-Odi?" Morẹ́nikẹ́ bi Sikírátù.

"Ta ló ní òmíràn?" ni Sikírátù dáhùn. "Gbogbo wa ni. Nígbà tí mò ń bọ̀, wọ́n ti ń tẹ́ àwọn tí kò lè mí sójúde. Èmi ni mo rí ọmọlanke yá."

"Dá aago padà sí bó ṣe wà," ni Morẹ́nikẹ́ sọ fún Ìdògbé.

"Tí mo bá dá a padà fún gbogbo ìlú, òkun á wọlé lọ́sàn-án yìí, Ìsàlẹ̀-Odi kan náà ló sì máa kọ́kọ́ gbé. Èyí tó burú ju ìyẹn ni pé àgbékọ́ tuntun kì í padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá. Bí wọ́n bá ti gba ẹ̀dà tuntun, tí a bá tún fún wọn ní ti àná, wọ́n á rò pé olè ni. Wọ́n á ti ara wọn pa."

"Tún àgbékọ́ àtijọ́ fúnra rẹ̀ ṣe, kó má sáré mọ́."

"Kóòdù rẹ̀ dà? Ilé tó ṣe wọ́n ti wó kí wọ́n tó bí mi. Kò sí tiwọn nínú Àká. Gbòǹgbò nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ohun kan ló kù. Kí n mú Gbòǹgbò àná, kí n fi sọ́tọ̀ fún àwọn ògbólógbòó nìkan. Kí n ya ẹ̀ka."

Férémù ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ yòò.

"Ẹ forí jì mí," ni Olùṣọ́ wí. "Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ dáadáa. Ṣé ẹnì kan sọ pé òun fẹ́ ya ẹ̀ka ni?"

Gbogbo bẹ́ńṣì yíjú sí ilẹ̀kùn. Kódà Ìyá Démóyè ṣí ojú kan.

"Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí n rán yín létí," ni Olùṣọ́ ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Gbòǹgbò kan ni ìlú yìí ní. Ẹni tó bá ya ẹ̀ka kúrò lára rẹ̀, onídùúró rẹ̀ ni a ó so mọ́ ẹ̀ka náà kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí láé. Kò sí owó ìtanràn. Ẹ ṣeun."

Sikírátù ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló ń sọ? Ṣé ẹ lè ṣe é àbí ẹ ò lè ṣe é?"

"Nígbà kan, ilé kọ̀ọ̀kan ní Gbòǹgbò tirẹ̀," ni Morẹ́nikẹ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n ó jọ pé ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. "Wọ́n rí àléébù kan. Ilé kan tún tirẹ̀ ṣe, kò sọ fún àwọn yòókù. Bíríkì tí o rí ní odi ìlà-oòrùn yẹn, tí orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ìyẹn pa nìyẹn. Ìdí tí òfin fi le nìyẹn."

"Orúkọ Múfú kò tíì sí lára bíríkì," ni Sikírátù wí.

Ìdògbé yíjú sí bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Bàbá ló bá a sọ ọ́.

"Tí o bá yà á, wọ́n á so mí mọ́ ọn. Tèmi tó ń dán yìí á sì rò pé olè ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé tuntun yẹn ti pọ̀ jù fún mi. Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí o rà á. Mo ní fún mi ní nǹkan tó ń pariwo, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé mo wà nínú ilé." Bàbá wo Múfú nínú ọmọlanke. Ètè ọkùnrin náà ti dúdú bí yíǹkì. Lójijì, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, bàbá arúgbó yìí ti fa rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ yọ lára àgbékọ́ tirẹ̀. "Ẹ gbé e kọ́ ọ lọ́rùn! Ó yá! Mo ti jayé tó!"

Morẹ́nikẹ́ sáré dì í mú, ó ti rọ́bà náà padà. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín nìkan ni ẹ̀rọ yín mọ̀! Kò ní ṣiṣẹ́ láyà ẹlòmíì. Ẹ kàn máa pa ara yín lásán ni!"

Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ rí i?" ó ní. "Mo fẹ́ ṣe akọni lẹ́ẹ̀kan láyé mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò bá a mu."

Ìdògbé ti kọjú sí ilẹ̀kùn. "Olùṣọ́! Èmi ni mo fẹ́ ṣẹ̀, èmi ni kí o mú! Fi èmi rọ́pò rẹ̀ lórí ẹ̀ka!"

"Ó wù mí kí n ṣe é," ni Olùṣọ́ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kò ní àgbékọ́. Ẹ̀dọ̀fóró yín ṣì dára. Ẹ kú oríire."

"Fún mi ní àyè, kí n wá onídùúró mìíràn!"

"Ẹ lè béèrè fún ìyẹn. Ìgbìmọ̀ máa ń jókòó lórí rẹ̀ nígbà òjò."

"Nígbà òjò! Ṣé o ò rí i pé ọkùnrin yìí ń kú ni?"

"Mo rí i. Mo bá a kẹ́dùn."

"Ìdògbé," ni bàbá rẹ̀ pè é.

"Ẹ dúró ná, Bàbá! Olùṣọ́, tí Ọ̀gá bá fọwọ́ sí i ńkọ́? Tí àwa méjèèjì bá jọ yà á, ṣé wàá pín ẹ̀bi náà sí méjì?"

"A ó kàn so onídùúró méjì mọ́ ọn ni."

"Ìdògbé!"

"Mo ní ẹ dúró, Bàbá!"

Ó ṣì ń bá férémù ilẹ̀kùn jà, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bú u, ó tún ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, nígbà tó ṣàkíyèsí pé yàrá náà ti dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Òsúkè náà ti dúró. Kò sí fà, kò sí tú.

Sikírátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke. Ó fa ọrùn aṣọ ọkọ rẹ̀ gún, ó fi àtàǹpàkò nu iyọ̀ kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò ké. Ó kàn ń nu iyọ̀ náà, kódà nígbà tí kò sí iyọ̀ níbẹ̀ mọ́.

"Ohun tí mò ń pè ẹ́ sí nìyẹn," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́.

Ìdògbé padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó mú Gbòǹgbò àná, ó yà á sọ́tọ̀. Ó ní kí gbogbo àgbékọ́ ògbólógbòó tó wà ní Ìsàlẹ̀-Odi máa gbà láti ibẹ̀, kí àwọn yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Kọ̀ǹpútà bi í léèrè bó bá dá a lójú. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ọwọ́ rẹ mọ́?" ni bàbá rẹ̀ wí. "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀-Odi, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ rò pé ẹkún ni. Kì í ṣe ẹkún. Àwọn èèyàn ń lu páànù, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn, wọ́n ń pariwo "Ó mí! Ó ti mí! Ẹ wá wò ó!" láti ojúde kan dé òmíràn. Morẹ́nikẹ́, tí kì í pariwo, kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn onídùúró gbá ara wọn mọ́ra, wáyà wọn lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun. Ìdògbé bọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o," ni Olùṣọ́ wí. "Ẹ̀ka ti wọlé sínú Àká. Mo fẹ́ so Bàbá mọ́ ọn báyìí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dáadáa. Kò ní dùn yín púpọ̀."

Ariwo Ìsàlẹ̀-Odi kò dúró, ṣùgbọ́n ti inú yàrá dúró.

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ bojú wo ibẹ̀. Bóyá Morẹ́nikẹ́ ni. Àmọ́ nígbà tó yá, ojú gbogbo wọn ti wà níbì kan náà: àgbékọ́ tó wà láyà Múfú. Ògbólógbòó. Wọ́n ṣe é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ dá olówó ẹ̀rọ mọ̀. Àyà ẹnikẹ́ni ló gbà á. Ẹ̀ka àná gan-an sì ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n gbójú kúrò, wọ́n tún wò ó. Ta ló máa la ẹnu?

"Ẹ ò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin yìí," ni Bàbá wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kò fi àwàdà kankan sí i. "Ìdògbé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ bi í."

Ìdògbé kò bi í. Ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ níwájú ọmọlanke, ó dojú bolẹ̀, kò sì dìde.

Sikírátù wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wo bàbá arúgbó náà. Lẹ́yìn náà ló tú okùn kúrò láyà ọkọ rẹ̀, ó yọ rọ́bà kan, ó yọ èkejì, ó fi etí ìró rẹ̀ nù wọ́n mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó rìn yí Ìdògbé ká bí ẹni tó ń yẹra fún omi ìdọ̀tí.

"Bàbá, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè."

Bàbá gbé e sókè. Omi ń dà lójú rẹ̀. Òun àti Morẹ́nikẹ́ yọ èyí tó ń dán, Sikírátù gbé èyí tó wúwo kọ́ ọ. Fún ìṣẹ́jú kan, àyà Bàbá dúró. Lẹ́yìn náà, fà. Tú. Fà. Tú. Ó ń dún gan-an.

Morẹ́nikẹ́ tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe, ó fọwọ́ lé èjìká obìnrin náà. "Arábìnrin Sikírátù," ó bẹ̀rẹ̀, "ohun tí o ṣe lónìí, ìlú Abẹ́-Odi kò ní gbàgbé rẹ̀. Àwa olùtọ́jú Gbòǹgbò, àti àwọn ọmọ tí a ó bí..."

"Ẹ forí jì mí, Ọ̀gá," ni Olùṣọ́ wí. "Ìbéèrè kan ló kù kí n tó lè fi orúkọ Bàbá sórí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó gbé e sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìyá, ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí ní àléébù kankan tí ẹ mọ̀?"

"Rárá," ni Sikírátù wí. "Dáadáa ló ń ṣiṣẹ́ títí di àárọ̀ yìí."